Ọkọ̀ Ṣeé Pè Padà, Orúkọ Kò Ṣeé Pè Padà

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí a ti kọ́ni rí, ẹnì kan ya àwòrán ìwé orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò BEPC. Orúkọ wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, ìlú tí wọ́n bí ọmọ sí wà níbẹ̀, nọ́ńbà tẹlifóònù bàbá tàbí ti ìyá náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá ló ya àwòrán yìí. Olùkọ́ ni, ó sì fẹ́ kí àwọn òbí lè yẹ orúkọ ọmọ wọn wò bóyá wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Ó fi í sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ náà fi í ránṣẹ́ sí òmíràn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, tẹlifóònù àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ohùn ọmọlúàbí kan ń kí wọn, ó ń pe orúkọ ọmọ wọn, ó ń sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ láìṣìnà, ó ní àṣìṣe wà nínú ìwé ìdánwò ọmọ náà, kí wọ́n tètè fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù kí ọ̀nà tó dí. Gayman ni ẹni náà. Àwọn òbí kan fi owó ránṣẹ́. Ìyá kan tí ó ń ta gaàrì fi gbogbo owó ọjà rẹ̀ ránṣẹ́.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, ìdáhùn mẹ́ta ni a gbọ́. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ààbò ìsọfúnni ara ẹni, ìyẹn orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà, àwòrán àti ohun gbogbo tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Àwọn kejì ní Yorùbá kò ní irú àṣà bẹ́ẹ̀, pé ìta gbangba ni a ti ń gbé ayé wa. Àwọn kẹta ní kí ìjọba fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí tó ní òǹtẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. A kò gba ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ó dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì mú ẹ̀yin òǹkàwé wa gba ibi tí ẹ lè má retí kọjá: ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Lóòótọ́, Faransé ti ní òfin irú èyí láti ọdún 1978, a kò sì sẹ́ pé àwọn tó kọ òfin wa wo àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2009 ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin tirẹ̀. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 2016, ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó fọwọ́ sí òfin ńlá rẹ̀ tí Faransé ń pè ní RGPD, ó sì di ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 2010, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO ṣe àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ kan náà; ní 2014, Ìṣọ̀kan Áfíríkà ṣe tirẹ̀ ní Malabo. Lẹ́yìn náà ni Bẹ̀nẹ̀ tún òfin rẹ̀ kọ sínú Code du numérique, Loi n° 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, tí ìwé karùn-ún rẹ̀ dá lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan, tí wọ́n sì fi APDP ṣe olùṣọ́ rẹ̀. Tógò ṣe òfin tirẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2019. Kí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ àjèjì ni kọ́kọ́ ka àwọn ọdún wọ̀nyí kí ó tó lanu.

Ní ti àwọn tó ní Yorùbá kò ní àṣà ìpamọ́, ó dà bí ẹni pé wọn kò gbé inú agbo ilé rí. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Àlejò tó bá wọlé, tó ń tọ́ka sí àwọn ọmọ ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ǹjẹ́ ìyá ilé kì yóò fọ̀ ọ́ lẹ́nu? Ẹni tó lọ bá babaláwo kì í ka gbogbo ìdààmú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó, ó sì ń gbé owó náà kalẹ̀. Babaláwo ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti gbọ́ ohun tí kò nílò láti gbọ́. Òfin ọdún 2018 ní kí a má gba ju ohun tí iṣẹ́ béèrè lọ. Àwọn baba wa ti ń ṣe é kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ: èyí náà òfin ni.

Ohun tí òfin ń béèrè kò ṣòro láti lóye. Kí ẹni tó ń gba ìsọfúnni lọ́wọ́ ènìyàn sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Kí ó má pa á mọ́ kọjá ìgbà tí iṣẹ́ náà parí. Kí ó dáàbò bò ó lọ́wọ́ olè àti lọ́wọ́ olófòófó. Kí ẹni tó ni orúkọ lè rí ohun tí a kọ nípa rẹ̀, kí ó lè tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, kí ó sì lè kọ̀ kí a má lò ó bí ó bá ní ìdí tó tọ́. Òfin dára. Ibo wá ni ìṣòro wà? Òfin ń sọ ohun tó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ fún akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìṣòro yìí gan-an ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti bá jà, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wọn.

Ọkọ̀ kan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀yà. Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú ọkọ̀ kì í ṣe gbogbo wọn fúnra rẹ̀; ó ń rà wọ́n lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni náà sì ń ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹ̀yà kékeré kan nínú bíréèkì bá ṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó ṣe é ni yóò kú. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ni. Nítorí náà, ní ọdún 1994, Chrysler, Ford àti General Motors ní Amẹ́ríkà para pọ̀ kọ ìlànà kan tí wọ́n pè ní QS-9000 fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta ẹ̀yà ọkọ̀ fún wọn. Jámánì ní VDA 6.1, Faransé ní EAQF, Ítálì ní AVSQ. Ẹni tó ń tajà fún gbogbo wọn wá ń fi ọjọ́ iṣẹ́ gba àlejò olùyẹ̀wò. Ní ọdún 1999, wọ́n pa ìlànà náà pọ̀ di ISO/TS 16949. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, IATF 16949 rọ́pò rẹ̀, a sì gbé e ka orí ISO 9001 tí oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ń lò káàkiri ayé.

Ìlànà yìí kò kàn ní kí wọ́n ṣe ẹ̀yà tó dára kí ó sì dákẹ́. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, kí wọ́n bi ara wọn léèrè: ọ̀nà wo ni ohun yìí lè gbà bàjẹ́? Bí ó bá bàjẹ́, báwo ni ìpalára rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó? Ṣé ohun tó lè máa ṣẹlẹ̀ léraléra ni? Ǹjẹ́ a ó lè rí i kí ó tó jáde kúrò lọ́wọ́ wa? Wọ́n ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì, kí wọ́n lè mọ ewu tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Ó ní kí ọjà ní àmì tí a lè fi tọpa rẹ̀ padà sí ibi tí ó ti wá. Ó ní bí àléébù bá yọjú, kí a má kàn fi ọwọ́ bò ó, kí a wá gbòǹgbò rẹ̀ títí a ó fi kàn án. Ìwé ẹ̀rí náà kì í ju ọdún mẹ́ta lọ, olùyẹ̀wò sì ń padà wá kí ọdún mẹ́ta náà tó pé.

Ẹ wá gbé òfin àti ìlànà náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. RGPD ní kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó lè pa ènìyàn lára gidigidi kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ewu rẹ̀: ìbéèrè àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ nìyẹn. Ó ní kí ẹni tó gbé ìsọfúnni lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ bá a ṣe àdéhùn tó kún, kí ó sì mójú tó o: ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà bíréèkì nìyẹn. Ó ní kí a kọ gbogbo ohun tí a ń ṣe sílẹ̀, kí a lè fi hàn nígbàkigbà pé a pa òfin mọ́, nítorí pé ìbúra nìkan kò tó. Bí ìsọfúnni bá jò, tí ó sì lè pa ènìyàn lára, ó ní kí àwọn aláṣẹ gbọ́ láàárín wákàtí 72. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 20 yúrò, tàbí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé-iṣẹ́ ń pa wọlé lọ́dún káàkiri ayé, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ọmọ ìyá ni òfin àti ìlànà wọ̀nyí: èrò wọn ni pé kí á tó bọ́ sọ́nà ni à á yẹ ẹsẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kì í jọ ara wọn tán. Ìyàtọ̀ méjì wà, inú wọn sì ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ìyàtọ̀ kìíní ni ẹni tó ń fi agbára mú ìlànà náà ṣẹ. Kò sí òfin ìjọba tó ní kí oníṣẹ́ ẹ̀yà ọkọ̀ gba ìwé ẹ̀rí IATF 16949. Oníbàárà ló ń béèrè rẹ̀. Renault tàbí Ford yóò ní: bí o kò bá ní ìwé yìí, a kò ra ọjà rẹ. Olówó ló sọ̀rọ̀, ẹni tó ń tajà sì ní láti gbọ́. Ní ti orúkọ, ta ni oníbàárà? Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ǹjẹ́ ó lè ní òun kò fẹ́ mọ́, kí ó gbé BEPC tirẹ̀ lọ síbòmíràn? Ẹni tó fẹ́ gba owó ní àgọ́ owó orí fóònù, tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ sínú ìwé tí gbogbo ẹni tó bá dé ń rí, ǹjẹ́ ó lè kọ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé? Kò lágbára kankan. Nítorí rẹ̀ ni òfin fi wà: ó dúró gẹ́gẹ́ bí oníbàárà ńlá fún ẹni tí kò lè bá ẹnikẹ́ni ná ọjà. Bí a bá wá fi òfin náà sílẹ̀ nínú àpótí, a ti gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú.

Ìyàtọ̀ kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ ṣeé pè padà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Takata, ilé-iṣẹ́ Jàpáàn tó ń ṣe àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ó gba ẹ̀mí ènìyàn là nígbà ìjàǹbá. Ohun tó ń fẹ́ àpò náà lè bú gbàmù, kí irin rẹ̀ fọ́n sí ẹni tó jókòó lára. Ó pa ènìyàn. Wọ́n pe ọkọ̀ tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún padà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, Takata fúnra rẹ̀ sì wọ gbèsè ní ọdún 2017. Ìpàdánù ńlá ni, ṣùgbọ́n nítorí pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, a lè wá a, kí a yọ ohun burúkú náà kúrò, kí a fi tuntun sí i. Pẹ̀lú èyí náà, àwa ará Bẹ̀nẹ̀ mọ ibi tí okùn ti ń já. Ẹ wo àwọn pápá tí wọ́n ń kó ọkọ̀ àlòkù sí ní Kútọnu, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kọjá lọ sí Nàìjíríà. Lẹ́tà tó ń pe ọkọ̀ padà ń lọ sí ilé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ní òkè òkun. Ẹni tó rà á ní Kútọnu, ta ni yóò sọ fún un?

Bí ọkọ̀ tí ó jẹ́ irin, tí ó ní nọ́ńbà lára, bá lè sọnù báyìí mọ́ ẹni tó ṣe é lọ́wọ́, kí ni a ó wí nípa orúkọ? Àwòrán ìwé orúkọ tó ti wọ inú fóònù ọgọ́rùn-ún kò ní nọ́ńbà tí a lè fi tọpa rẹ̀. Kò sí mẹkáníìkì tó lè yọ ọjọ́ ìbí ọmọ kúrò lọ́kàn gayman kí ó fi òmíràn sí i. Ènìyàn lè pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù; kò lè pààrọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i, kò sì lè pààrọ̀ ìka ọwọ́ rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìdí rèé tí a fi ń wí pé ó yẹ kí ìtọ́jú tí à ń ṣe fún orúkọ ju èyí tí wọ́n ń ṣe fún bíréèkì lọ. Lóde òní, ìdàkejì rẹ̀ ni à ń ṣe.

Ó ku àwọn tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí. Àwọn yìí rò pé òǹtẹ̀ ni ààbò. Kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ Volkswagen. Ilé-iṣẹ́ náà wà lára àwọn tó para pọ̀ dá IATF sílẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, àṣírí tú pé wọ́n ti fi ètò kọ̀ǹpútà kan sínú ọkọ̀ onídísù tó tó mílíọ̀nù 11 káàkiri ayé. Ètò náà ń mọ̀ nígbà tí olùyẹ̀wò bá ń wọn èéfín, á jẹ́ kí ọkọ̀ ṣe bí ọmọ dáadáa. Bí olùyẹ̀wò bá ti lọ, èéfín á máa tú. Ìwé wà, ìlànà wà, olùyẹ̀wò wà. Òótọ́ ni kò sí. A kò sọ èyí láti fi ìlànà ṣẹ̀sín. A sọ ọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ kan má baà gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ ara ògiri, kí orúkọ àwọn ọmọ sì máa rìn kiri lábẹ́ rẹ̀.

Bí ìwé kò bá tó, kí ló wá ń so ìlànà ró? A gbà pé okùn ni. Ní Toyota, okùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tó bá rí àléébù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó kéré jù lọ níbẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti fà á. Bí wọn kò bá tètè yanjú ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ á dúró. Láti inú iṣẹ́ aṣọ híhun ni èrò yìí ti wá: Sakichi Toyoda, tí ọmọ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà sílẹ̀, ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ń dá ara rẹ̀ dúró nígbà tí òwú bá já. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ahunṣọ kò ní pè é ní ọ̀rọ̀ àjèjì. Ahunṣọ wo ni òwú já mọ́ lọ́wọ́ tí ó ń hun lọ, tí ó ní òun yóò tún un ṣe nígbà tí aṣọ bá dé ọjà?

Níbí ni a ti gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Àwa náà wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn. A rí àwòrán ìwé orúkọ náà ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi í síbẹ̀. A rò ó lọ́kàn pé kò dára, ṣùgbọ́n ẹni tó fi í síbẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa lẹ́nu iṣẹ́, a kò sì fẹ́ kí wọ́n pè wá ní aláfojúdi. Òwú já lójú wa, a jẹ́ kí wọ́n máa hun lọ. Ká ní a ti sọ fún àwọn òbí ní alẹ́ ọjọ́ náà pé, «Orúkọ ọmọ yín ti jáde, ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni», ìyá alágàárì ì bá má pàdánù owó ọjà rẹ̀. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni a nílò, kì í ṣe owó ni a nílò. Gbólóhùn kan péré ni.

Nítorí náà, ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìjọ wa àti ẹgbẹ́ wa kò pọ̀. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ sójú ìwé kan ṣoṣo: orúkọ àwọn wo ni a ní, ibo ni a pa wọ́n mọ́ sí, ta ló lè ṣí wọn, ọjọ́ wo ni a ó pa wọ́n rẹ́. Kí a yọ ìbéèrè tí iṣẹ́ kò nílò kúrò nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó fẹ́ wá kọ́ ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní láti mú nọ́ńbà ìwé ìdánimọ̀ wá. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé orúkọ ránṣẹ́ láìkọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀. Bí ìwé bá jò, kí àwọn tó ni orúkọ gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ìtìjú má dí wa lẹ́nu. Lékè gbogbo rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́, akọ̀wé tàbí agbálẹ̀ tó bá ní «Ẹ dúró ná, orúkọ ènìyàn nìyí» gba ọpẹ́ lọ́wọ́ àgbà, kí ó má gba èébú.

A kò sì gbọ́dọ̀ nawọ́ sí ilé ẹlòmíràn kí a fi tiwa sílẹ̀. Ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí, pẹ̀lú nọ́ńbà àti àdírẹ́sì wọn, ṣì wà nínú fóònù àwọn tó ti kúrò nínú ìgbìmọ̀ tipẹ́. Kò sí ẹni tó jí i. Ẹnikẹ́ni kò kàn rántí pa á rẹ́ ni. A ń béèrè pé kí ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí a ó jíròrò ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, kí a sì yan ẹnì kan tí yóò máa dáhùn fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fa okùn náà. Bí wọ́n bá fà á, kí ẹ̀yin àgbà dúró tì wọ́n, nítorí pé orúkọ wọn wà nínú ìwé náà, tiyín náà sì wà níbẹ̀.